Ọ̀fun Tuntun Tí Àna Mi Ṣe fún Mọ́tò

GBÌÌ!

Ìdí mi rèé lórí sìmẹ́ńtì.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo kàn dìde lórí àpótí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà ni, pé kí n wọlé lọ bu omi mu. Nígbà tí mo padà, mo ká ìró mi sókè díẹ̀ bí àgbà ṣe ń ṣe, mo bá jókòó láìwẹ̀yìn. Kí ni mo fẹ́ wẹ̀yìn sí? Láti ọjọ́ tí mo ti wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi, ibẹ̀ náà ni àpótí yẹn máa ń wà. Àpótí irin ni, ó kúrú, ó ki, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le bí ẹsẹ̀ màlúù. Èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa débi pé ìdí mi lè dá lọ bá a kí èmi alára tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ìdí mi lọ, kò bá a nílé.

"Ta ló gbé àpótí mi?"

Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, wà nínú yàrá, ó ń rán ìlẹ̀kẹ̀ tó kù mọ́ aṣọ ìyàwó. Ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ mọ́tò níwájú ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ọ̀kan wọ sálúbàtà, èkejì wà ní ìhòòhò. Aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ogun, Ṣọ́jà là ń pè é, dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń pàṣẹ.

"Sọ́tùn-ún díẹ̀! Dúró! Jó o!"

ṢÀÀÀÀÀ! Iná bù yẹ̀ẹ̀ lábẹ́ mọ́tò.

"Ṣọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àpótí mi."

"Màmá, ojú ogun la wà yìí. Ẹ wọlé!"

Mo wọlé. Ta ni mí tí n ó máa bá ológun fa ọ̀rọ̀?

Àfi kí n mú un láti ìdí wá kó lè yé yín. Àna mi yìí, èèyàn dáadáa ni o. Ófíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń de táì, kì í mutí, kì í lé obìnrin. Mọ́tò nìkan ló ń lé. Tọ́bò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò lè sọ̀rọ̀ kó má mẹ́nu ba tọ́bò tó wà nínú mọ́tò rẹ̀. Bí a bá ní òjò ń bọ̀, á ní, "Mọ́tò oní-tọ́bò kì í bẹ̀rù òjò." Bí a bá ní ara ọmọ gbóná, á ní, "Ẹ kò tíì mọ ohun tó ń gbóná. Ẹ wá fọwọ́ kan tọ́bò mi."

Èmi náà bi í lọ́jọ́ kan, "Àna mi, kí tiẹ̀ ni tọ́bò yìí?"

Háà, inú rẹ̀ dùn! Ó ṣí imú mọ́tò gbàgà, ó fi nǹkan kan hàn mí tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìgbín.

"Màámi, èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí ìgbín yìí. Bó bá ti ń yí, òun náà á máa fẹ́ atẹ́gùn padà sí ẹ́ńjìnnì lẹ́nu."

"Bí ìgbà tí mo bá ń fẹ́ iná?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Páìpù tó wà tì í lẹ́nu yìí, òun ló ń gba èéfín náà lọ sísàlẹ̀. Ọ̀fun mọ́tò nìyẹn. Ṣùgbọ́n Màámi," ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń sọ àìsàn ẹlòmíì, "àwọn tó ṣe é, wọ́n ṣe ọ̀fun rẹ̀ tóóró jù. Mọ́tò mi ò rí èémí mí."

Mo wo mọ́tò. Nínú èmi àti mọ́tò, èmi ni mo ń wúkọ́.

"Ṣé ó sọ fún ọ ni?"

"Mo rí i lórí fóònù, Màámi."

Hẹn-ẹ́n! Fóònù!

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ọkùnrin bá ti ní òun rí nǹkan kan lórí fóònù, kí ìyàwó rẹ̀ yáa kó àwo pamọ́. Àna mi wo bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ omi ṣe lórí fóònù, ilé Ṣọ́jà la ti ń lọ wẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wo bí wọ́n ṣe ń gẹrun, ó gẹ ti ara rẹ̀. Fìlà ló ń dé lọ síbi iṣẹ́ títí irun fi hù padà. Ní báyìí, ọmọkùnrin kan ló tún ń wò, irun orí rẹ̀ nà ṣánṣán bí ìgbálẹ̀. Onírun-ìgbálẹ̀ yìí ní ẹni tó bá gbọ́n kì í ra ọ̀fun mọ́tò, ilé rẹ̀ ni yóò ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Tọ́bò gbà á gbọ́ ju ìyá tó bí i lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló tú ọ̀fun àtijọ́ kúrò. Ó pe ibi iṣẹ́, ó ní inú ń run òun. Kí a tó mọ̀, ó ti sọ ọ̀fun náà sínú kẹ̀kẹ́ onírin-àlòkù tó ń kọjá lọ.

Ọmọ mi pariwo. "Ẹ ò ṣe jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ ná? Bóyá..."

"Bóyá kí ni? Ọkùnrin tó bá ń kọjá odò kì í wẹ̀yìn wo afárá!"

"Ọ̀la ni mo fẹ́ fi mọ́tò yẹn gbé aṣọ ìyàwó lọ o!"

"Ìyàwó mi, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, mọ́tò yìí á ti máa fò."

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, kọ́tìnì àti aṣọ iléèwé ló ń rán. Aṣọ ìyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé fún un nìyẹn. Bó bá dé lásìkò, gbogbo ìlú ni yóò mọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dé lásìkò, gbogbo ìlú ni yóò mọ orúkọ rẹ̀ náà. Aṣọ ọ̀hún sì fẹ̀ bí àgọ́. Kò sí bí alùpùpù ṣe lè gbé e. Ilé ìyàwó wà lẹ́yìn òkè, ní ìpẹ̀kun ìlú.

Kí ni Tọ́bò fi ṣe ọ̀fun? Ẹ máa gbọ́. Mo jáde sẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn pé kí n ká aṣọ, mo bá àwọn tòbí mi nínú ẹrẹ̀. Òpó irin oníhò tí à ń so okùn aṣọ mọ́ ti rin ìrìn àjò. Tọ́bò ti gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì. Ó ní bí òun bá tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí òun jó o pọ̀, á tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́.

Lóòótọ́, ó tẹ̀. Ibi tí kò ní kó tẹ̀ sí ló tẹ̀ sí. Ó tú u ká, ó tún un jó, ó tẹ̀ sí òdìkejì. Ó fi ọmọ owú lù ú. Ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ohun tó gbé lọ́wọ́ dà bí ejò tí mọ́tò tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò sì tíì gbà pé òun ti kú. Ó fi agolo mílíìkì lẹ ibi tó lu.

"Kí rèé, àna mi?"

"Ọ̀fun ni, Màámi."

"Ọ̀fun tó gbé eegun há ni àbí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi rín in tán fún un.

Wẹ́dà tó ń jó irin ní ìkòríta ló yá a ní ẹ̀rọ ìjórin. Ó yá a ní ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n awò dúdú tí wọ́n fi ń bo ojú, kò fún un. Tọ́bò ní kò sí wàhálà, ó lọ gbé awò oòrùn tó fi ya fọ́tò ìgbéyàwó wá. Iná ìjórin àkọ́kọ́ bù yẹ̀ẹ̀, omi dà lójú rẹ̀ wàrà. Ó bá dá ọgbọ́n. Bó bá ti fẹ́ jó o, á di ojú pátápátá, kí Ṣọ́jà máa júwe ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa lọ fún un.

Ọgbọ́n dára, àbí? Ẹ dúró. Mo wo Ṣọ́jà tó ń júwe yìí dáadáa. Ojú títì ló kọjú sí!

"Ṣọ́jà, ẹ ò mà wo ibẹ̀?"

"Màmá, ológun kì í tẹjú mọ́ iná. Etí la fi ń jagun."

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹni tó ń jó kò ríran, ẹni tó ń júwe kò wo ibẹ̀. Iṣẹ́ sì ń lọ ní pẹrẹu.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó ku kí wọ́n gbé ọ̀fun náà sábẹ́ mọ́tò, kí wọ́n sì jó o mọ́ ọn lára. Wọ́n fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, Tọ́bò wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀fun yìí wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Bí Tọ́bò bá gbé e dání, kò ní ọwọ́ tí yóò fi jó o. Bó bá fẹ́ jó o, ọ̀fun á já lu igbá àyà rẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n wá nǹkan kan fi tì í nísàlẹ̀. Nǹkan tó kúrú, tó ki, tó sì dúró dáadáa.

Ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ ọ́ jáde. Èmi kò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Omi ni mo lọ mu.

Bí ìdí mi ṣe wá bá sìmẹ́ńtì pàdé nìyẹn, tí Ṣọ́jà ní kí n wọlé. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí. Mo wo ilé ìdáná, kò sí. Mo bi ọmọ mi.

"Ṣé o rí àpótí mi?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lọ́wọ́ dúró." Abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín rẹ̀. Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó ni. Ó ń sunkún.

"Àǹtí télọ̀! Ibo lẹ dé? Àwọn tó máa kùn mí lójú ti kùn mí tán! Tòbí nìkan ló wà lọ́rùn mi!"

"A ti wà lójú ọ̀nà!" ni ọmọ mi wí. "A ti ń rí òkè yín lọ́ọ̀ọ́kán."

Òkè wo? Ògiri ló kọjú sí!

Ó pa fóònù náà, ó pe ọkọ̀ háyà. Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni, gbogbo ọkọ̀ ti lọ síbi ìgbéyàwó. Ó pe òmíràn. Bákan náà. Àfi mọ́tò Tọ́bò. Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé orí, ó ké jáde láti ojú fèrèsé:

"Ẹ̀yin olówó orí mi! Ṣé ẹ ti ṣe tán ni àbí kí n kúkú máa rán kọ́tìnì lọ?"

"Ó ti parí!" Tọ́bò fà yọ lábẹ́ mọ́tò. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Irun ojú rẹ̀ kan ti jó, ó ku ọ̀kan. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bímọ ọkùnrin.

Wọ́n tú jáàkì. Mọ́tò ń wálẹ̀. Ó ń wálẹ̀. Ó dúró. Kò wálẹ̀ tán! Táyà ẹ̀yìn jókòó sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n orí ìka ni táyà iwájú fi ń tẹlẹ̀, imú mọ́tò sì na sókè bí imú ọ̀gá tí a kò kí láàárọ̀.

"Kí ló gbé e sókè báyìí?" ni mo bi wọ́n.

Tọ́bò wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ti iná ni tàbí ti ayọ̀.

"Agbára ni, Màámi!"

"Agbára?"

"Ẹ ò rí i? A kò tíì tan ẹ́ńjìnnì, ó ti ń gbé ara rẹ̀ nílẹ̀!"

Ṣọ́jà fi gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀, ó kí mọ́tò bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gágun.

"Ẹ ò wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ wò?"

Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí ọmọ mi fi jáde tòun ti aṣọ lọ́wọ́. Kí n má parọ́ fún yín, aṣọ náà rẹwà. Ó funfun báláú, ìlẹ̀kẹ̀ ń dán lára rẹ̀ bí ìrì. N kò tilẹ̀ rí ọmọ mi, àfi bíi pé ìkuukùu ló ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀.

"Ẹ wọ mọ́tò! Ẹ wọ mọ́tò! Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò lásìkò yìí?"

A wọ mọ́tò. Èmi àti ọmọ mi wà lẹ́yìn, aṣọ wà lórí itan wa. Ṣọ́jà jókòó síwájú, ó ní kò sí bí òun ṣe lè fi ọmọ ogun òun sílẹ̀. Tọ́bò tan ẹ́ńjìnnì.

GBÀÀÀ-GBÀRÀGÀDÀ-GBÀÀÀÀ!

Adìẹ Ṣọ́jà tó ń sàba fò lórí ẹyin, ó gba orí ògiri lọ, a kò rí i títí di ọjọ́ kejì. Aṣọ tó wà lórí okùn ilé kejì jábọ́ fúnra rẹ̀. Mo ki ìka bọ etí.

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀!" Tọ́bò ń pariwo. "Ẹ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ èémí!"

Mọ́tò gbéra.

KÌRÌRÌRÌRÌRÌ! KẸRẸRẸRẸRẸRẸ!

Áà! Ẹ ti gbọ́ ohùn irin lórí ọ̀dà rí? Eyín tó ti yọ lẹ́nu mi lọ́jọ́sí tún ń ro mí.

"Kí ló ń han bí abo ẹlẹ́dẹ̀ yẹn?"

"Agbára ni, Màámi!"

Mo yọjú wo ẹ̀yìn. Iná ń ṣẹ́ jáde lábẹ́ wa bíi ti alágbẹ̀dẹ.

"Iná ń jáde lábẹ́ wa o!"

"Agbára ni!"

GBÀÀÙ! Nǹkan kan bú nínú ọ̀fun.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀!" Ṣọ́jà ti wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. "Wọ́n ń yìnbọn! Ẹ dọ̀bálẹ̀!"

"Agbára ni, ọ̀gá, ẹ dìde!"

Ẹnu ìgbín tí wọ́n dijú jó, kò lẹ̀ dáadáa. Ihò tí agolo mílíìkì dí, iná ti la agolo náà. Èéfín tó yẹ kó gba ìsàlẹ̀ lọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú wọlé wá bá wa. Èéfín dúdú, kìjikìji. Mo ń wo Tọ́bò, kí n tó ṣẹ́jú, n kò rí Tọ́bò mọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́: "Agbá... họ́ọ̀! Agbára... họ́ọ̀, họ́ọ̀!"

"Aṣọ mi!" Ọmọ mi figbe ta. "Màámi, aṣọ mi á dúdú! Mo gbé!"

Orí mi ṣiṣẹ́ wéré. "Ṣí fèrèsé! Nà án síta!"

A ṣí fèrèsé tọ̀tún. Ọmọ mi di apá aṣọ kan mú, èmi di apá kejì mú, a ti gbogbo rẹ̀ síta kúrò nínú èéfín. Fììììì! Atẹ́gùn kó sí i nínú. Aṣọ náà yọ àyà. Ó yọ ìdí. Ó na apá. Ó ń jù síhìn-ín, ó ń jù sọ́hùn-ún, àfi bí ìyàwó gidi tó ń bá wa jà pé òun kò lọ mọ́.

Àwọn ará ọ̀nà rí i.

"Ẹ gbà wá o! Wọ́n ń jí ìyàwó gbé!"

"Ẹ wo bó ṣe ń jà!"

"Yéè! Kò mà lórí! Wọ́n ti gé orí ìyàwó!"

Kí ni mo lè sọ? Bí mo bá la ẹnu, èéfín á wọlé. Bí mo bá juwọ́ sí wọn, aṣọ á lọ. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn láti ojú fèrèsé, ojú mi sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá.

"Àjẹ́ ló jí i gbé! Mo rí eyín rẹ̀!"

Ni wọ́n bá gbá tẹ̀lé wa. Alùpùpù, kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń fá irun lọ́wọ́ sá jáde tòun ti abẹ, ẹni tí wọ́n ń fá irun fún sá tẹ̀lé e, apá kan orí rẹ̀ ń dán.

A dé ẹsẹ̀ òkè. Èéfín wa ti bo àwọn tó ń lé wa lójú, wọ́n dúró ń wúkọ́ lẹ́yìn. Mọ́tò tó fẹ́ fò, ẹ wá wò ó. KẸ-RẸ. KẸ-RẸ. KẸ... RẸ. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn bá wa, ó kọjá wa.

"Ẹ kú ìrìn o," ni bàbá wí.

"Ó ń kó agbára jọ ni, bàbá!" ni Tọ́bò fọhùn láti inú èéfín.

"Kó máa rọra kó o," ni bàbá dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìtìjú ló gbé wa gun òkè yẹn, kì í ṣe tọ́bò. Bí a ṣe wá kọjú sí ìsọ̀kalẹ̀, gbogbo wa la bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mọ́tò ń sáré, iná ń ṣẹ́, ìyàwó aláìlórí ń jà lójú fèrèsé, ogunlọ́gọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìyàwó, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ebè kékeré kan sójú ọ̀nà láti dín eré mọ́tò kù.

GBÀGÀÀ!

Nǹkan kan já lábẹ́ wa. Imú mọ́tò wálẹ̀ wọ̀ọ̀. A yí gbirigbiri wọ inú ọgbà, a dúró.

Ìyàwó sáré jáde tòun ti tòbí lọ́rùn. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tí í ṣe ọkùnrin nínú wa.

"Yéè! Àwọn wo nìyí?"

"Èmi ni," ni ọ̀kan nínú wa wí. Ohùn ọmọ mi ni. "Èmi ni, Àǹtí télọ̀."

"Aṣọ mi ńkọ́?"

A fà á yọ ní fèrèsé. Ẹ̀yin èèyàn! Funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là! Èéfín kò kàn án. Atẹ́gùn ti nà án, kò sí ibi tó hunjọ kankan lára rẹ̀, àyọ́nù kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wọ̀ ọ́. Ó bá a mu wẹ́kú bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀.

Ìgbà náà ni àwọn onígi tú wọlé.

"Ìyàwó dà? Ẹ tú u sílẹ̀!"

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí i. Aṣọ kan náà. Igi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀ kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ kú oríire o! Orí rẹ̀ ti padà!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Kò sí ẹni tó lọ nínú wọn, gbogbo wọn ló dúró jẹ ìgbéyàwó. Àwọn obìnrin sì yí ọmọ mi ká: "Ẹ̀yin lẹ rán an? Níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?" Ọmọ mi ń dá wọn lóhùn, eyín nìkan ló ń hàn.

Ẹsẹ̀ ti ń ro èmi. Mo wá ibi tí n ó jókòó sí. Ẹ wo bí mo ṣe dúdú tó, ta ló máa fún mi ní àga? Mo bá rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè sìmẹ́ńtì yẹn. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́rin sókè bí òkú ewúrẹ́. Ó ń rú èéfín. Ọ̀fun mọ́tò sì yọ lára rẹ̀ kọ́rọ́.

Mo wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo tún un wò.

"ÀPÓTÍ MI!"

Igbe mi ju ti ìyàwó lọ. Tọ́bò sáré dé, Ṣọ́jà tẹ̀lé e. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, a ń wo àpótí. Tọ́bò fi ẹsẹ̀ kan ọ̀fun náà.

"Kì í ṣe... kì í ṣe agbára?"

"Ìdí mi ló ń jókòó lé e lórí, kì í ṣe agbára!"

Ó yíjú sí Ṣọ́jà. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbé e sábẹ́ ọ̀fun?"

Ṣọ́jà wo ojú ọ̀run. "Àṣẹ ni mo tẹ̀ lé."

"Àṣẹ ta?"

"Àṣẹ tèmi."

Ẹ̀rín pa mí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo!

Nígbà tí a délé, mo ní kí wẹ́dà bá mi gé ọ̀fun yẹn kúrò lára àpótí mi. Ó fi ayùn gé e, ayùn ṣẹ́. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà ṣẹ́. Ibi gbogbo tí Tọ́bò fẹ́ kó lẹ̀, kò lẹ̀. Lẹ́nu ìgbín, ó tú. Ní ìgbọ̀nwọ́, ó ya. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò rán an, ibẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ bí àlejò tó gbóòórùn ọbẹ̀.

"Màmá," ni wẹ́dà wí, ó ń nu òógùn, "ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jó ojú ibí yìí, ẹ bá mi mú un wá, mo fẹ́ gbà á síṣẹ́."

Ó sì wà bẹ́ẹ̀. Tọ́bò lọ wá onírin-àlòkù rí, ó ra ọ̀fun àtijọ́ padà. Afárá tó ní òun kò ní wẹ̀yìn wò, ó ti gbà á padà sílé. Èmi náà padà sórí àpótí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá ti jókòó, ọ̀fun mọ́tò á yọ lábẹ́ mi lẹ́yìn, á kọ ẹnu sí ilẹ̀kùn ilé. Kò sí àgbàlagbà mìíràn ládùúgbò yìí tó ní irú rẹ̀.

Lọ́sàn-án àná ni Tọ́bò tún dé tòun ti fóònù lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Màámi, mo ti mọ ibi tí mo ti ṣì í! Onírun-ìgbálẹ̀ ti ṣe òmíràn. Ẹ má wulẹ̀ dìde, ẹ jókòó bẹ́ẹ̀, mo kàn fẹ́ wo inú ọ̀fun yẹn ni."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó di ojú kan, ó fi èkejì ti ẹnu páìpù, ó ń yọjú.

Ẹ̀wà la sì jẹ lọ́sàn-án ọ̀hún.

Mo gbìyànjú o. Mo di ara mi mú. Ṣùgbọ́n àgbà ti dé. Èyí tó jáde lọ́dọ̀ mi kò ju "pùù" kékeré lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fun yẹn gbà á, ó yí i po nínú kọ́rọ́kọ́rọ́, ó sọ ọ́ di ńlá:

BÙÙÙÙÙ-GBÀÀÙ!

Ní ilé kejì, mo gbọ́ ohùn Ṣọ́jà: "Ẹ dọ̀bálẹ̀!"

Tọ́bò ti ṣubú sẹ́yìn. Irun ojú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ń gbọ̀n. Omi ń dà lójú rẹ̀ wàrà.

"Má-Màámi... kí nìyẹn?"

Mo tún ìró mi wé. Mo wo ojú títì.

"Agbára ni, àna mi."